Má Bojú Wẹ̀yìn Bí Omi Bá Dé

Ìyàwó ọmọ mi ò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀ kó máa retí pé a máa dì mọ́ra lópin ọ̀rọ̀. Sanae lorúkọ rẹ̀. Ọmọ orí òkè ni, ìlú tí wọ́n ti ń gbin ápù, tí wọn kì í rí òkun àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Shigeo ọmọ mi ló lọ fẹ́ ẹ wá sí Namiuchi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì padà sínú ọkọ̀ ìpẹja tó ń lọ sẹ́yìn ayé, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọdún bá kù díẹ̀ kó parí la tó ń rójú rẹ̀. Àwa obìnrin méjì la ṣẹ́kù sílé. Àgbò méjì kì í sì í mumi nínú koto kan.

Tí mo bá se ọbẹ̀ miso, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Tí òun bá sè é, omi tí wọ́n fi ṣan ẹnu sàn jù ú lọ. Tí mo bá jí ní ìdájí lọ gé ewé òkun, ariwo bàtà mi ni kò jẹ́ kó sùn. Tí òun bá sùn títí oòrùn fi yọ, ó rẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má bínú. Mo gbé àpò kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpò tí èèyàn máa ń gbé sá bí ilẹ̀ bá mì: rédíò, tọ́ọ̀ṣì, bisikíìtì, aṣọ òtútù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Lọ́jọ́ kan mo tan tọ́ọ̀ṣì náà, kò tàn. Ẹ mọ ibi tí bátìrì ẹ̀ wà? Sanae ti yọ ọ́ fi sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Mo bi í léèrè, ó ní, "Màmá, òkùnkùn ò tíì ṣú." Èsì tó fún mi nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi rìmóòtù náà ṣá a lórí.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyẹn ò tíì dé ibi ìjà. Orí ọmọ ni ìjà wa gan-an wà, Kozue, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún Shigeo. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé tí wọ́n kọ́ sísàlẹ̀ ìlú, nítòsí odò, níbi tí ọlọ́gbọ́n kan ò lè so adìẹ mọ́lẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà ò lé, kò dín: bí Omi bá dé, ẹnu ta ni ọmọ yẹn máa gbọ́rọ̀ sí, tèmi ni tàbí ti ìyá rẹ̀?

Sùnámì ni gbogbo ayé ń pè é báyìí. Nílé wa, Omi la máa ń pè é, a kì í sì í pariwo orúkọ rẹ̀. Mo ti rí i rí. Mi ò ju Kozue lọ nígbà náà. Ilẹ̀ ò tiẹ̀ mì níbí lọ́jọ́ náà. Òdìkejì ayé ni ilẹ̀ ti mì, Omi sì fẹsẹ̀ rìn wá bá wa láàárọ̀. Òkun kọ́kọ́ sá sẹ́yìn. Àwọn òmùgọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ń ṣa ẹja tó ń fò sókè sódò nínú ẹrẹ̀. Èmi ti lọ ní tèmi. Mo gba ọ̀nà ibojì gun òkè ojúbọ bí bàbá mi ṣe kọ́ wa. Ṣùgbọ́n Hisae ẹ̀gbọ́n mi ò gbà pé mo lè dá sá. Ó ti dé ìdajì òkè o! Ó ní, "Kiwa máa ń sùn pẹ́, Kiwa ṣì wà nílé," ó sì yí padà lọ wá mi. Nígbà tí wọ́n gbé e gòkè wá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó máa ń fi gbá mi létí tí mo bá jí nǹkan rẹ̀ jẹ. Ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Mo gbé ọwọ́ náà, mo fi gbá ara mi létí, bóyá ó lè gbóná. Kò gbóná.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà wa bá sọ pé *tendenko*, ó yé mi. Oníkálukú kó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Má dúró de ìyá, má dúró de ọmọ, má padà nítorí ẹnikẹ́ni. Bí iná bá jó ni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹni tí òwe yẹn bá korò lẹ́nu rẹ̀, kó lọ bi Hisae.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Kozue ti lè gbé e ni mo ti ń kọ́ ọ. Bí a bá ń lọ gbálẹ̀ ibojì bàbá rẹ̀ àgbà, màá kàn ṣàdédé ké pé, "Ilẹ̀ mì!" Màá sì gbéra. Mi ò ní dì í lọ́wọ́ mú. Bó bá ṣubú, èmi ń lọ.

"Ìyá àgbà, ẹ dúró dè mí!"

"Mi ò dúró! Omi kì í dúró, kí ni kí èmi dúró ṣe?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí!"

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́, ṣebí ó ṣì wà lára ẹ. Gbé e!"

"Tí mi ò bá rí Màmá ńkọ́?"

"Màmá ẹ lẹ́sẹ̀. Èmi náà lẹ́sẹ̀. Má wá mi, má wá a. Tí omi bá sá kúrò, tó o sì ti rí ìdí odò tàbí ìdí òkun, má bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Sá! Má bojú wẹ̀yìn!"

Yóò fi ẹkún gun òkè náà dókè. Lókè, màá fún un ní ìrẹsì roboto tó ní èso kíkan nínú, a ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ojúbọ, yóò máa jẹ ẹ́, ikun á máa dà nímú rẹ̀. Inú mi a máa dùn bí mo bá ń wò ó. Mi ò sọ fún un rí.

Bí a bá délé, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ wo orúnkún.

"Màmá, kí ló ṣe ọmọ mi lẹ́sẹ̀?"

"Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà láàyè."

"Ẹ tún ti gbé e lọ sórí òkè yẹn! Kí lẹ ń kọ́ ọ gan-an? Pé kó fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ kó sá lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kó fi èmi náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ lè fèèyàn sílẹ̀. Ìwà yín ni. Lọ́jọ́ tí Omi bá dé, kò sẹ́ni tó máa padà wá wá yín."

"Àṣẹ! Àdúrà tí mò ń gbà lójoojúmọ́ nìyẹn."

Sanae gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ gbàà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. Ó mọ̀ pé mò ń gbọ́. Nítorí mi ló ṣe ń sọ ọ́ sókè.

"Kozue, wò mí. Bí ilẹ̀ bá mì, má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé. Màmá á fi mọ́tò wá gbé ẹ. Ó lè pẹ́ o, ṣùgbọ́n Màmá ń bọ̀. Èmi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ láé. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà wò ó, ó wá wò mí. "Mo gbọ́," ló wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń dá mi lóhùn lórí òkè. Etí méjì ni Olúwa fún un, àwa méjèèjì sì ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mi ò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti ń wò ó lọ́kàn mi: ọmọ kékeré kan tó dá dúró lẹ́nu géètì, tó ń wọ̀nà fún mọ́tò, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gun òkè lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo kọrí sí ilé ìwé. Mo bá olùkọ́ àgbà, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ nǹkan téèyàn fẹ́ sọ. Genpachi, olórí àdúgbò wa, jókòó tì í, ó ń mu tíì ọ̀fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni Genpachi. Láti kékeré la ti jọ ń bára wa jà.

Mo ní, "Ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ yín, Kozue. Bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún, ẹ má gbé e fún ìyá ẹ̀."

Ẹ̀rín kú lójú olùkọ́. "Ìyá, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ìyá tó bí i?"

"Òun gan-an."

"Ṣùgbọ́n ìlànà wa ni pé bí òbí bá wá mú ọmọ..."

"Ìlànà yín á pa ọmọ yẹn. Sínú mọ́tò ló máa gbé e sí, ọ̀nà etíkun ló sì máa gbà, torí kò mọ ọ̀nà míì. Ẹ kó gbogbo wọn gòkè. Ìyá tó bá fẹ́ ọmọ ẹ̀, kó wá bá a lókè."

Genpachi bú sẹ́rìn-ín, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde. "Kiwa! Ẹ jà nílé, kò tó yín, ẹ tún gbé e wá síwájú àwọn tíṣà. Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí odi tó wà létí òkun yẹn? Ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ìjọba ló kọ́ ọ. Omi wo ló máa fo ìyẹn?"

"Genpachi, bí bàbá ẹ ṣe gbọ́n tó, kí ló dé tó fi kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí ìwọ wá kó wá sísàlẹ̀?"

"Bàbá mi ò ní odi."

"Ó ní ọpọlọ."

Ó dìde. Mo dìde. Olùkọ́ ń tẹrí ba fún un, ó ń tẹrí ba fún mi, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ bẹ̀. Kí n tó délé, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Kiwa ti lọ sọ nílé ìwé pé kí wọ́n má gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Sanae dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, láti òní lọ, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbojì, ẹ máa dá lọ. Ibẹ̀ náà lẹ sì máa gbé kẹ́yìn." Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò ọbẹ̀ ti di méjì nínú ilé wa.

Mo sì dá lọ síbojì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, bí mo ti ń tu koríko, mo gbọ́ ohùn ọmọdé nínú igbó ọparun lẹ́yìn mi. Kozue ni, òun àti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n ń sáré gòkè, ọmọ kejì ń ké pé kó dúró de òun. Mo gbọ́ tí ọmọ mi dáhùn pé, "Mi ò dúró! Omi kì í dúró!" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn òkúta ibojì ọkọ mi kó má baà rí mi. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí.

Oṣù kẹta wọlé, ewé òkun ti gbó. Ní àsìkò yẹn, ìjà tàbí àìjà, gbogbo ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́. Èmi àti Sanae wà ní búkà tó wà létí èbúté, à ń bọ ewé òkun nínú ìkòkò ńlá, à ń yọ ọ́, à ń fi iyọ̀ pa á. A ò bára wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀sán ti yẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ilẹ̀ máa ń mì nílé wa. Bó bá mì, a ó dúró, a ó fojú wo àjà, a ó tún máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí ò dáwọ́ dúró. Ó ń gbọ̀n, ó tún ń le sí i. Ìkòkò dojú dé, omi gbígbóná dà kalẹ̀, a fò sẹ́yìn. Mo di òpó búkà mú, òpó náà sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn páànù òrùlé ń já bọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó dé. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó dé.

Bó ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo tú aṣọ rọ́bà tó wà nídìí mi, mo jù ú nù. Sanae ti sáré débi mọ́tò akẹ́rù wa kékeré, funfun, tí agbọ̀n aláwọ̀ búlúù kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sanae! Fi mọ́tò sílẹ̀! Àwọn tíṣà á kó wọn gòkè!"

"Ọmọ mi ń dúró dè mí!"

"Ta ló ní kó dúró?"

"Èmi ni! Èmi ìyá ẹ̀ ni!"

Mo lọ dúró síwájú mọ́tò, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó tẹ fèrè. Mi ò kúrò. Ojú tí mo rí lẹ́yìn gíláàsì yẹn, ojú ẹni tó lè gun orí mi kọjá ni.

"Ẹ kúrò lọ́nà, Màmá! Ẹ sá lọ! Ṣebí ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn!"

Ó wa mọ́tò jáde. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá mi nígunpá, mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sínú ewé òkun. Mo ṣépè fún un. Mi ò ní sọ èpè náà fún yín. Mo dìde, mo kọjú sí òkè, mo sì lọ. Fèrè ìkìlọ̀ ti ń ké lórí òpó, gbohùngbohùn ń sọ pé kí gbogbo èèyàn gòkè, gòkè, gòkè. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Òkè ojúbọ ti kún nígbà tí mo débẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé yọ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, akoto lórí gbogbo wọn, àwọn kékeré ń sunkún, àwọn àgbà ń tì wọ́n. Mo ń wo ojú lábẹ́ akoto. Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí. Ìlà náà tán. Mo di olùkọ́ àgbà mú lọ́rùn aṣọ.

"Kozue dà?"

"Ìyá ẹ̀ ti wá gbé e, Ìyá."

"Kí ni mo sọ fún yín? Kí ni mo fẹnu mi sọ fún yín?"

"Ó dúró lẹ́nu géètì! A fà á, ó di irin mú, kò tẹ̀lé wa. Ó ní Màmá òun ń bọ̀. Màmá ẹ̀ sì dé." Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú. "Ìyá tó bí i ni, Ìyá. Kí ni ká ṣe?"

Mo fi í sílẹ̀. Mo lọ sétí òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Ọ̀nà etíkun ti dí pa bí mo ti wí, mọ́tò lé mọ́tò, ìmọ́lẹ̀ pupa lẹ́yìn gbogbo wọn. Lórí afárá odò, láàárín wọn, mo rí agbọ̀n búlúù. Kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Òkun sì ti ń sá. Ó ń lọ, ó ń lọ, àpáta tí a kò rí rí ń yọ orí dúdú. Odò tó wà lábẹ́ afárá náà ń ṣàn padà sínú òkun, ó ń gbẹ.

Genpachi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òun náà ti gòkè. Ó jọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ń wo òrùlé ilé rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń na ọwọ́ sí àyà bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò gbé wọn," ló wí. "Kiwa, mi ò gbé bàbá mi. Mi ò gbé ìyá mi."

Pátákó orúkọ àwọn òkú rẹ̀ ló ń sọ, èyí tó wà lórí pẹpẹ nínú gbogbo ilé wa, tí a ń bu ìrẹsì sí níwájú láràárọ̀.

Mo ní, "Genpachi, òkú ni wọ́n. Wọn ò tún lè kú mọ́."

"Ìwọ lo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó ò ní ìtìjú. Màá délé, màá padà. Odi ṣì wà níbẹ̀."

"Jókòó, òmùgọ̀!"

"Òmùgọ̀ ni bàbá tó bí ẹ!" Ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin àtẹ̀gùn. Mi ò dì í mú. Òfin ni òfin. Bí mo bá fẹ́ dá ẹnikẹ́ni dúró lọ́jọ́ náà, ara mi ni, nítorí ẹsẹ̀ mi ti wà lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi Kiwa. Èmi tí mo ti fẹnu mi sọ ọ́ títí etí gbogbo ìlú fi kún. Mo rí agbọ̀n búlúù yẹn, gbogbo ara mi sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọmọ mi. Mo lọ gbá òpó ẹnu ọ̀nà ojúbọ mọ́ra, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, mo di ara mi níbẹ̀. Mo ń pe orúkọ Hisae. Mo ń sọ fún un pé ó wá yé mi, ẹ̀gbọ́n mi, ó wá yé mi, má bínú sí mi. Mo ń sunkún ní gbangba, èmi tí wọn ò rí omi lójú mi rí.

Ẹnìkan ké pé, "Ó ti gun odi!" Gbogbo èèyàn pariwo. Mi ò wò ó.

Igbó ọparun lẹ́yìn ojúbọ ló mì. Mo gbọ́ ìmí. Kozue jáde níbẹ̀, bàtà ẹyọ kan lẹ́sẹ̀, orúnkún ẹ̀jẹ̀, báàgì ilé ìwé rẹ̀ pupa ṣì wà lẹ́yìn. Ó rìn wá bá mi. Kò tíì sunkún.

"Ìyá àgbà, mo rí ìdí odò."

Mo tú ọwọ́ mi kúrò lára òpó.

"Mo rí ìdí odò, mo sì ṣílẹ̀kùn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mi ò bojú wẹ̀yìn." Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ìyá àgbà, mo fi Màmá sílẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ó ṣe dáadáa? Mo ti ń kọ́ ọmọ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì ní ọ̀rọ̀ kankan fún ibi tí ẹ̀kọ́ náà parí sí. Mo fà á mọ́ra, orí rẹ̀ ń kan igunpá mi tó wú. Mo ń wo igbó ọparun. Mo ń gbọ́ ilé tó ń wó nísàlẹ̀, igi tó ń ṣẹ́, irin tó ń lọ́.

Láàárín ariwo yẹn ni mo gbọ́ ohùn tí mo kórìíra jù láyé.

"Kozue! Kozue o! Kí ni mo ní kó o ṣe? Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo ní kó o ṣe?"

Láti àárín ibojì ló ti ń bọ̀. Ó ń bínú bọ̀. Ìbínú ló gbé e gun òkè yẹn, mo fi ojú mi rí i, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ orí òkè yẹn ò yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó já gba inú ọparun jáde, irun dà bò ó lójú, ó sì lọ bá ọmọ náà tààrà. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òkun wà níbẹ̀.

"O já ọwọ́ mi! O bọ́ sílẹ̀ láàárín mọ́tò! Mò ń pè ẹ́, mò ń pè ẹ́ lẹ́yìn, o ò tiẹ̀ wò mí! Èmi ìyá ẹ!"

Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo bọ́ sáàárín wọn.

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Bó o bá fẹ́ na ẹnìkan, èmi nìyí."

Ó gbá mi létí.

Níwájú àwọn tíṣà, níwájú gbogbo Namiuchi, ìyàwó ọmọ gbá ìyá ọkọ rẹ̀ létí, ó ró bí ìgbà tí pákó ṣẹ́. Ojú mi ṣókùnkùn. Olùkọ́ àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Sanae náà wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni, ó sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi nítorí ìtìjú. Bó ti yí i, ìgbà náà ló rí ìsàlẹ̀. Kò sí afárá mọ́. Àwọn òrùlé ń rìn lọ láàárín omi dúdú. Mọ́tò wa kékeré wà láàárín wọn, ó dojú dé, agbọ̀n búlúù kan ṣì so mọ́ ọn.

Ó jókòó sílẹ̀. Kò ṣubú o, ó kàn jókòó, bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó. Kozue lọ bá a, ó dúró níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Màmá, mo rò pé ẹ máa sá tẹ̀lé mi ni," ló wí. "Ẹ máa ń sá tẹ̀lé mi."

Sanae fà á mọ́ra. Ó fi ojú pamọ́ sínú báàgì pupa tó wà lẹ́yìn ọmọ náà, ó dì í mú, a ò sì rí ojú rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí wọ́n rí òkú Genpachi, pátákó bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ti fi bẹ́líìtì dì wọ́n mọ́ àyà. Mo bá wọn wẹ ojú rẹ̀. Mo bú u bí mo ti ń wẹ̀ ẹ́, mo bú u tẹ́rùn, ẹnikẹ́ni ò sì dá mi lẹ́kun.

Yàrá kan ni wọ́n fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àwọn ilé pákó tí ìjọba kọ́ sórí òkè. Ìkòkò ọbẹ̀ ti di ẹyọ kan padà, kò sáyè fún méjì, iyọ̀ rẹ̀ ò sì tíì tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Sanae ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà obìnrin ń bi mí pé báwo ni mo ṣe gba irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ mọ́ra, pé ilé ayé ti bàjẹ́, pé ìyàwó gbá ìyá ọkọ létí.

Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ni mo máa ń sọ fún wọn. Ẹ gbọ́, ó gbóná gan-an ni.